Bíà ẹ ò burú, orúkọ tó o fún un ni ò bá a mu

Àbúrò mi kan láti Akóbọ̀ n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Màá gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú kí ẹ̀yin yòókù lè mọ ohun tí mò ń dáhùn; àlàyé inú àkámọ́, èmi ni mo fi í sí i. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí mo ti ń pọn bíà nílé. Mo gbé sítáòtù (bíà dúdú) mi lọ síbi ìdíje kékeré kan tí wọ́n ti lo ìwé BJCP (ẹgbẹ́ àwọn jọ́ọ̀jì bíà), mo kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ Foreign Extra Stout (sítáòtù líle tó gbẹ tó sì korò). Lítà 20 ni mo pọn: mọ́ọ̀tì funfun (ọkà bálì tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó gbẹ ẹ́) kílò 5.5, ọkà bálì sísun gíráàmù 400, mọ́ọ̀tì kírísítà (èyí tó ń fún ọtí ní adùn àti àwọ̀) gíráàmù 300, họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò) gíráàmù 43 tí wọ́n kọ 12% (ìwọ̀n agbára ìkorò ẹ̀) sára páálí ẹ̀, ó ti wà lórí sẹ́ẹ̀fù kíṣìnnì mi láti oṣù karùn-ún. Inú yàrá ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì (ibi tí yíìsì ti ń sọ ṣúgà di ọtí) sí. OG (bí ṣúgà ṣe pọ̀ sí kí yíìsì tó ṣiṣẹ́) 1.066, FG (èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí yíìsì ṣiṣẹ́ tán) 1.018, ABV (ìdá ọtí líle nínú ọgọ́rùn-ún) 6.3, IBU (òṣùwọ̀n ìkorò) 52. Gbogbo ẹ̀ ló wọ ààlà tí ìwé fún wa. Síbẹ̀ 26 nínú 50 ni wọ́n fún mi, wọ́n ní ó dùn jù, kò korò tó, ó sì ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í? Báwo lèèyàn ṣe ń kọ rẹ́sípì tó máa bá sítáìlì (irú bíà) mu gan-an?"

Àbúrò, kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. 26 kì í ṣe ìtìjú. Nínú ìwé BJCP, 21 dé 29 ni wọ́n ń pè ní Good, 30 dé 37 ni Very Good, ẹni tó bá ti wọ 38 lọ sókè, onítọ̀hún mọ ọtí í pọn. Bíà tó ti bàjẹ́ kì í dé 26. Ohun tí àwọn jọ́ọ̀jì yẹn ń sọ fún ẹ ni pé nǹkan kan ni wọ́n ń retí, nǹkan mìíràn lo gbé síwájú wọn. Ẹni tó bá jókòó tó ní àmàlà lòun fẹ́ jẹ, tó o wá gbé iyán fún un, iyán yẹn lè funfun kó kúná bó ṣe wù kó rí, onítọ̀hún á ṣì béèrè àmàlà ẹ̀ ni.

Àdéhùn ni sítáìlì, láàárín ìwọ tó o pọntí àti ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Àwọn BJCP yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, ìwé sítáìlì wọn ti ọdún 2021 ni mò ń lò. Ṣí i, o máa rí i pé apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó OG, IBU àtàwọn nọ́ńbà yòókù sí. Ọ̀rọ̀ ló wà lókè: bó ṣe yẹ kó máa rùn, bó ṣe yẹ kó rí lójú, bó ṣe yẹ kó rí lórí ahọ́n, bó ṣe yẹ kó wúwo lẹ́nu sí. Ìwọ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo mọ ìdí ẹ̀, torí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yẹn, tí nọ́ńbà bá ti wọlé báyìí ńṣe ló máa ń tan iná àwọ̀ ewé, ọkàn èèyàn á balẹ̀, á ní ó ti parí. Kò tíì parí o. Wo bí wọ́n ṣe pín máàkì: òórùn 12, ìrísí 3, ìtọ́wò 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, èrò jọ́ọ̀jì lórí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 10. Òórùn àti ìtọ́wò nìkan ti gba 32 nínú 50. Àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń torí ẹ̀ ṣe àìsùn, pẹ̀lú ìhó orí ọtí, pẹ̀lú bó ṣe mọ́ sí, gbogbo ẹ̀ pátá máàkì 3. Kò sì sí jọ́ọ̀jì tó ń fi ahọ́n mọ OG.

Ó dáa, ká wá wo nọ́ńbà tìẹ gan-an. Foreign Extra Stout, ìwé ní OG 1.056 dé 1.075, FG 1.010 dé 1.018, IBU 50 dé 70, ABV 6.3 dé 8.0. Òótọ́ ni, gbogbo tìẹ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ wo ibi tí wọ́n dúró sí! FG ẹ wà ní òkè téńté, ìyẹn ni pé ṣúgà tó ṣẹ́ kù sínú ọtí ti pọ̀ débi tó lè pọ̀ dé. ABV ẹ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. IBU ẹ, 52, ẹsẹ̀ kan ló fi wọlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dojú kọ apá ibi kan náà, apá adùn. Èèyàn lè wà nínú ààlà lórí gbogbo nǹkan kí bíà ẹ̀ ṣì wà níta. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pín IBU sí nọ́ńbà ẹ̀yìn OG kí n tó ra ohunkóhun. Tìẹ, 52 sí 66, ó jẹ́ 0.79, bẹ́ẹ̀ sítáòtù tó yẹ kó gbẹ kó sì korò, mo máa ń fẹ́ kó súnmọ́ 0.9.

0.79 yẹn gan-an, orí bébà ló mọ. Họ́ọ̀pù tó wà lórí sẹ́ẹ̀fù kíṣìnnì Ìbàdàn láti oṣù karùn-ún, nínú ooru yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kò lè jẹ́ 12% mọ́ láéláé. Ooru àti atẹ́gùn ló ń jẹ ohun tó ń mú họ́ọ̀pù korò, wéré wéré sì ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tí páálí ẹ̀ bá ti ṣí. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, IBU ẹ ti di nǹkan bíi 35 nìyẹn, ìyẹn 0.53. Ẹ̀rọ ìṣirò ò mọ̀, ohun tó o kọ fún un ló gbà gbọ́. Ahọ́n jọ́ọ̀jì ló mọ̀. Nítorí náà inú fíríísà ni họ́ọ̀pù ń gbé, kí o di í pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí o sì kọ déètì tó o ṣí i sára ẹ̀. Tí iná ò bá dúró lọ́dọ̀ yín, bá ẹni tó ń ta ẹja dídì lò, san owó díẹ̀ fún un, kó bá ẹ tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ike tó dé pinpin ni kí o kó o sí o, họ́ọ̀pù máa ń fa òórùn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ooru náà ni. Yíìsì tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru máa ń tú òórùn èso jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé tí yàrá bá jẹ́ 29, inú kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe 29, torí yíìsì fúnra ẹ̀ ń mú ooru wá, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ó lè fi nǹkan bíi dígíríì 3 sí 5 ju yàrá lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà nìyí. Gbogbo nǹkan tí wọ́n fi bù ẹ́ yẹn, adùn tó pọ̀, ìkorò tí ò le, òórùn èso, sítáìlì kan wà tó jẹ́ pé nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni jọ́ọ̀jì ń wá nínú ẹ̀. Tropical Stout ni, nọ́ńbà 16C, ó wà lókè Foreign Extra Stout tó jẹ́ 16D nínú ìwé kan náà. OG àti FG wọn ò yàtọ̀ rárá. IBU ló jẹ́ 30 dé 50, ABV 5.5 dé 8.0. Àwọn ará ilẹ̀ olóoru bíi Jàmáíkà àti Siri Láńkà ló ń pọn ọ́n, Dragon Stout ti Jàmáíkà àti Lion Stout ti Siri Láńkà wà lára àwọn tí ìwé fi ṣe àpẹẹrẹ. Sítáòtù tí wọ́n ń kó gba orí òkun wá látòkèèrè ni wọ́n wò ṣe, àmọ́ torí pé ilé ni wọ́n ti ń mu tiwọn, kò nílò ìkorò tó le bí ti èyí tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n sì ń lo yíìsì làgà (irú yíìsì tó fẹ́ràn òtútù) níbi tó gbóná ju bí làgà ṣe ń fẹ́ lọ. Àbúrò, ojú ọjọ́ tiwa náà nìyẹn! Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyí pé ohun tí ilé ẹ lè ṣe ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, bó ṣe ń gbóná sí, omi ẹ, ohun tó o lè rí rà ní Bódìjà tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ, lẹ́yìn náà kí o wá wá sítáìlì tó fẹ́ irú ẹ̀. Ẹni tí ò ní fíríìjì tó lè dúró sí dígíríì 10, kí ló fẹ́ fi Pilsner, làgà funfun yẹn, ṣe?

Àmọ́ má kàn lọ pààrọ̀ orúkọ kí o sì gbé ọtí kan náà padà lọ o. Ìwé ní kí òórùn èso wà, kí ó dà bí èso gbígbẹ tàbí ṣúgà tó jóná díẹ̀, kí ìtọ́wò sísun ẹ̀ jọ kọfí, kí ó má sì máa ta ọ̀fun bí èédú. Ọtí líle kò gbọdọ̀ jó èèyàn láyà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gba gbogbo ẹnu, kò sí níbẹ̀.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé, kí o lè rí bí mo ṣe ń rò ó. Mo fẹ́ OG 1.064 nínú lítà 20. 64 lọ́nà 20 jẹ́ 1,280, ìyẹn ni gbèsè ṣúgà tí mo máa san. Kílò mọ́ọ̀tì funfun kan, tí mo bá rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà inú ẹ̀ fà jáde, ó máa ń fún mi ní nǹkan bíi 215. Ṣúgà lásán, ó lé ní 380 fún kílò kan. Mo fi ṣúgà sí i torí sítáìlì gbà á, torí ó máa jẹ́ kí ọtí lágbára láìwúwo jù, gíráàmù 500 ti san nǹkan bí 190. Mọ́ọ̀tì funfun kílò 4.5 san 970. Kírísítà gíráàmù 300 àti ọkà bálì sísun gíráàmù 400 san ìyókù. Àwọ̀ ẹ̀ á wà ní SRM (òṣùwọ̀n àwọ̀ bíà) 34 tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìwé ní 30 dé 40, mi ò sì ní rò ó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Họ́ọ̀pù, mo fẹ́ IBU 40. Tó bá jẹ́ 12% tòótọ́, gíráàmù 33 tó bá hó fún ìṣẹ́jú 60 ti tó. Kò sí họ́ọ̀pù ìparí, sítáìlì yìí ò fẹ́ òórùn họ́ọ̀pù. 40 sí 64 jẹ́ 0.63, adùn á ṣíwájú, ìkorò á tẹ̀ lé e. Mo retí FG 1.015, ìyẹn á fún mi ní ABV 6.4.

Ohun méjì ló wà nínú ẹ̀ tí o ò ní rí nínú nọ́ńbà kankan. Àkọ́kọ́, ọkà bálì sísun yẹn, má kó o sínú omi gbígbóná pẹ̀lú mọ́ọ̀tì yòókù látìbẹ̀rẹ̀. Fi mọ́ọ̀tì yòókù sí dígíríì 67 fún ìṣẹ́jú 45 ná, kí o tó da èyí tó sun sí i fún ìṣẹ́jú 15 tó kù. Àwọ̀ á jáde, òórùn kọfí á jáde, èyí tó ń ta ọ̀fun ò ní jáde tó bẹ́ẹ̀. Ìkejì, nínú ṣúgà gíráàmù 500 yẹn, mú 150 sọ́tọ̀, kí o jó o nínú ìkòkò bí àwọn tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ṣe ń jó o. Dúró tì í. Ó máa kọ́kọ́ yọ́, á dà bí oyin, á pọ́n, èéfín tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí ìkòkò, òórùn ẹ̀ á yí padà láti ohun dídùn sí ohun tó fẹ́ kan imú díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí o pa iná, kí o rọra da omi gbígbóná sí i, kí o jìnnà sí i torí ó máa ta. Tó o bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ sí i, èédú lo máa rí. Dà á pọ̀ mọ́ ṣúgà yòókù sínú ọtí nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o sọ ọ́ kalẹ̀.

Yíìsì làgà gbígbẹ, páálí méjì ni mo máa lò. Má bù ú sí i títí ọtí á fi wálẹ̀ sí dígíríì 20, ọ̀rọ̀ bóyá alẹ́ ti lẹ́ tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́ ò sí níbẹ̀. Gbìyànjú kó wà láàárín 18 sí 22 fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, lẹ́yìn náà jẹ́ kó gbóná díẹ̀ fúnra ẹ̀ kí yíìsì lè palẹ̀ òórùn bọ́tà mọ́. Ìgbà tí mò ń gbé Òkè-Àdó mi ò ní fíríìjì ọtí. Báàfù ńlá kan ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ẹ̀, mo bu omi sí i dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì, mo wọ ìró àǹkárá ògbólógbòó kan sí kẹ́ẹ̀gì lára tí etí ẹ̀ fi wọ inú omi kó lè máa fà á sókè, mo tan fáànù sí i, mo sì ń ju píọ̀wọ́tà dídì mẹ́rin sínú báàfù láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́. Bébà tàmọ́mítà tí mo lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì wà ní 30 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ti di 22 kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà ọyẹ́ ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an torí atẹ́gùn gbẹ, omi ara aṣọ ń tètè gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lọ. Tó bá di àsìkò òjò tí atẹ́gùn ti rin gbingbin, aṣọ àti fáànù ò lè ṣe púpọ̀, píọ̀wọ́tà dídì yẹn ló kù, ìlọ́po méjì ẹ̀ lo máa nílò.

Omi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lò ń lò, klorín inú ẹ̀ lè pàdé ohun inú mọ́ọ̀tì kó di òórùn báńdéèjì ọsibítù. Bíà páálì éèlì (pale ale) mi kan bàjẹ́ báyẹn, lítà 20, mo dà á nù. Se omi náà kí o ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí kí o lo ègé kékeré nínú tábúlẹ́tì Campden tó ń pa klorín. Omi bọ̀rọ̀hóòlù ò ní ìyẹn, àmọ́ kàǹga kan yàtọ̀ sí èkejì, ra bébà pH (tó ń wọn bí nǹkan ṣe kan sí), kí mọ́ọ̀tì tó o rẹ wà láàárín 5.2 sí 5.6. Mọ́ọ̀tì sísun máa ń fà á wálẹ̀, torí ẹ̀ ni omi tó le díẹ̀ ò fi í sábà yọ sítáòtù lẹ́nu bó ṣe ń yọ ọtí funfun lẹ́nu.

O lè bi mí pé ọkà bàbà ńkọ́, níwọ̀n ìgbà tó kún Bódìjà. Lò ó! Nígbà tí ìjọba fòfin de mọ́ọ̀tì òkèèrè lọ́dún 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa yí sí, kò sì yọ bíà kúrò lẹ́nu wa. O lè fi kílò kan ọkà bàbà funfun rọ́pò bíi gíráàmù 900 nínú mọ́ọ̀tì funfun yẹn. Àmọ́ ooru tó ń tú ọkà bálì ò lè tú u, ó ń fẹ́ tó nǹkan bíi dígíríì 75, nítorí náà lọ̀ ọ́, sè é bí ẹni ń ro ẹ̀kọ kó jinná dáadáa, jẹ́ kó wálẹ̀ kó o tó pò ó mọ́ mọ́ọ̀tì, mọ́ọ̀tì ló máa sọ ọ́ di ṣúgà. Tí ẹni tó mu ún ò bá mọ̀ pé ọkà bàbà wà níbẹ̀, Tropical Stout ló ṣì ń jẹ́. Tó bá hàn lẹ́nu ketekete, 31A, Alternative Grain Beer, ni kí o gbé e lọ, kí o sì kọ orúkọ ọkà náà síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ewúro rọ́pò họ́ọ̀pù náà, 30A ni tiwọn, àwọn ọtí ewé àti ata. Èyí tó sì ń dùn mọ́ mi jù ni pé nọ́ńbà 27, Historical Beer, ìwé sọ pé ó gba ọtí ìbílẹ̀ tó níyì ní ilẹ̀ kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lè wọ ibẹ̀. Mo ń wá ẹni tó máa fara balẹ̀ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó mọ́ tónítóní, kó kọ àlàyé ẹ̀ dáadáa fún jọ́ọ̀jì tí ò tọ́ ọ wò rí. Tí ìwọ bá fẹ́ dán an wò, màá bá ẹ dá sí i tọkàntọkàn.

Kó o tó pọn ọtí tuntun yìí, ṣe nǹkan kan fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ra Guinness ìgò kan, òun náà wà lára àwọn tí ìwé fi ṣe àpẹẹrẹ Foreign Extra Stout, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọkà bàbà wà nínú èyí tí wọ́n ń pọn níbí. Gbé e sílẹ̀ kí òtútù kúrò lára ẹ̀ díẹ̀, bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, bu tìẹ tó ṣẹ́ kù sínú òmíràn, kí ẹlòmíì bá ẹ pààrọ̀ wọn kí o má mọ èwo ni èwo. Gbóòórùn wọn fún ìgbà pípẹ́ kó o tó mu. Kọ ohun tí imú ẹ sọ, lédè Yorùbá, bó bá ṣe wá: ṣúgà jíjóná, kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbálùmọ̀, èédú. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ka ìwé 16C àti 16D pọ̀, kí o fi ohun tó o kọ wé wọn. Ibẹ̀ ni rẹ́sípì ẹ máa ti jáde.

Tí FG bá ti dúró sí ojú kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ṣúgà gíráàmù 6 fún lítà kan ló tó fún inú ìgò, ìyẹn 120 fún gbogbo ẹ̀, má lọ jù bẹ́ẹ̀ torí ìgò máa ń bẹ́ nínú ooru wa. Kọ nọ́ńbà FG yẹn ránṣẹ́ sí mi kó o tó di í, pẹ̀lú déètì tó wà lára páálí họ́ọ̀pù tuntun tó o bá rà.